Ìyá Rẹ Nínú Iná, Ìwọ Lẹ́yìn Ògiri

Dúróoríkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé o jí ire? Olúmúyìwá ọkọ rẹ ńkọ́? Ìbàdàn kò ní gbé yín mì o. Bí àárẹ̀ bá ń rìn kiri àdúgbò, kò ní mọ ojúlé yín. Àwa náà wà níbí ní Ìmẹ̀sí-Ilé, a dúpẹ́. Iṣu tuntun ti ń wọlé, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, Silas bàbá ìjọ wa sì ti ra rédíò tó ń pariwo ju ìwàásù rẹ̀ lọ. Ìyá rẹ ń jẹun, ṣùgbọ́n tó bá rìn dé ẹ̀yìnkùlé lásán, àyà rẹ̀ á máa lù kìkìkì, á wá àpótí jókòó lé kó tó lè padà wọlé.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, pé dókítà ní kí á mú un padà wá lóṣù tó ń bọ̀, kí wọ́n tún wo inú ọkàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó tún un ṣe. O kú ìwé kíkọ. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ kò ní lọ síbì kankan títí wàá fi dá mi lóhùn, nítorí ohun tí mo fi ojú ara mi rí lọ́jọ́ tí a wá sí ilé ìwòsàn yín kò tíì kúrò nínú mi.

Ẹ tẹ́ ìyá rẹ sórí tábìlì bí aṣọ tí a fẹ́ lọ̀, ẹ ki okùn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ iṣan rẹ̀ láti ibì kan ní itan tí n kò ní dárúkọ nínú lẹ́tà, ẹ ní ó ń lọ sínú ọkàn. Ó dáa, n kò jiyàn. Ẹ wá ní ẹ fẹ́ tan iná ẹ́síréè láti mọ ibi tí okùn dé. Kí iná tó tàn, dókítà gbé ẹ̀wù òjé wọ̀, ó wúwo bí ẹni gbé ìlẹ̀kùn kọ́rùn. Àwọn nọ́ọ̀sì wọ tiwọn. Ìyá rẹ tí iná ń bọ̀ wá bá gan-an, aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ fi bò ó. Ẹ kú ìtọ́jú o. Ẹni tí òjò ń pa kò ní agboorùn, ẹni tó wà nínú ilé ló ṣí tirẹ̀.

Èmi, ẹ ní kí n dúró sẹ́yìn ògiri, lójú gíláàsì tó nípọn. Ta ni mo bá níbẹ̀? Ìwọ! Ìwọ nọ́ọ̀sì tí mo ń fi yangàn ká gbogbo Ìmẹ̀sí. O kò tilẹ̀ fẹsẹ̀ kan inú yàrá náà. Mo ní kí o lọ di ọwọ́ ìyá rẹ mú, o ní iṣẹ́ rẹ kò kan inú ibẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo rí báàjì kékeré láyà gbogbo yín, mo rò pé ti ẹgbẹ́ ni, mo fẹ́ bi ọ́ ọjọ́ tí ẹ ń ṣèpàdé. O ní òun ló ń ka iye iná tó bá òṣìṣẹ́ lára lóṣooṣù. Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin tó sá, ẹ ní ohun tó ń bá yín kà á. Ta ní ń ka ti ìyá rẹ?

O ní dókítà ni. Dókítà! Mo rí i. Ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ bíi télọ̀. Tó bá tẹ̀ ẹ́, iná á tàn, àwòrán á hàn. Kí n tó rí ọkàn ìyàwó mi dáadáa, ó ti gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ó tún fún ojú iná náà pọ̀ títí kò fi ju ewé ẹ̀kọ lọ. Ahun paraku! Èmi tí mo fi ìgbà èwe mi ta aṣọ ní òṣómàáló láti Iléṣà dé ilẹ̀ Tápà, mo mọ ẹni tó ń fi ọ̀pá ìwọnṣọ rẹ́ni jẹ. Mo kan gíláàsì, mo ní kó fi èènì sí i, ọ̀nà wa jìn. O fà mí láṣọ, o ní èènì iná yẹn a máa jó awọ ẹ̀yìn, pé kíkéré rẹ̀ ni àánú. Agogo kan wá dún nínú ẹ̀rọ, mo ti ń palẹ̀ mọ́ pé iṣẹ́ parí, o ní ó ń kìlọ̀ fún dókítà ni pé iná ti ń pọ̀.

Ìbéèrè mi rèé. Tí iná yẹn bá dára, kí ló dé tí ẹ fi ń sá fún un? Tí kò bá dára, kí ló dé tí ìwọ ọmọ fi jẹ́ kí ìyá rẹ nìkan dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀? Ó dùn mí, Dúróoríkẹ́, ó dùn mí gan-an. Nígbà tí olóde mú ọ ní kékeré, ìyá rẹ kò wọ ẹ̀wù òjé kó tó gbé ọ.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyí tí mo kà á sókè fún ìyá rẹ, kó lè bá mi bínú. Ẹ̀rín ló bú sí, títí mo fi ń bẹ̀ ẹ́ kó rọra nítorí àyà rẹ̀. Ó ní mo kàn gbó ni, n kò gbọ́n. Ó ní nígbà tí wọ́n gbé òun jáde, ìwọ lo nu ojú òun, o sì là á yé òun pé láìsí iná náà dókítà kò ní rí ọ̀nà, pé díẹ̀ tó bá aláìsàn lára, ìwòsàn ló ń rà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lójoojúmọ́ ni kò rí nǹkan rà, ló ṣe ń wọ òjé. Ó ní òun bi ọ́ ìdí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ fi wọlé tí ìwọ kò wọlé. O kàn wo ilẹ̀, o fi ọwọ́ bo ikùn. Ó ní ibẹ̀ lòun ti mọ̀ pé o ti lóyún, pé iná yẹn kò gbọdọ̀ kan ọmọ inú, òun kàn ń pa á mọ́ kí ẹnu mi má baà gbé e dé ọjà.

Mo fi bírò sílẹ̀. Lẹ́yìn àwọn oyún tó ti wálẹ̀ lára rẹ, n kò lè bi ọ́ bóyá òmíràn ti dé mọ́, ẹ̀rù ń bà mí ni.

N kò ní ya lẹ́tà yìí, bébà ti wọ́n. Fo ibi tí èébú wà. A ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí o sì fi ti oúnjẹ kún un, nítorí ẹ̀rù a máa sọ ìyá rẹ di ọ̀jẹun. Tí mo bá tún ní kí o wọlé, má dá mi lóhùn. Dúró sẹ́yìn ògiri, èmi náà á dúró níwájú rẹ, kí ògiri lè di méjì.

A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ìyá tìrẹ náà, a ó gbóhùn rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fámódùn.