Ojú Ìwé tí Mo Fò nínú Ìwé Eyínfúnjowó

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kejì, 2025

Ìwé Eyínfúnjowó dé. Àbúrò ọkọ mi, aláwàdà — ìtàn ayé ara rẹ̀ ló kọ. Ìyá ọkọ mi ò mọ̀wé, wọ́n ní kí n máa kà á fún àwọn lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ta ni ì bá kà á bí kò ṣe èmi? Ogún ọdún rèé tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí.

Wàhálà kan ṣoṣo: ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Ibi tó bá ti kọ “Basit”, mo dúró díẹ̀, kí n tó ní “Eyínfúnjowó”, orúkọ tí mo fi ń pè é. Ó ń lọ.

Ọjọ́rú, 5

Mo ka ibi tí Eyínfúnjowó ti ń sín Ààfáà jẹ ní ilé kéú, tí Ààfáà wà lẹ́yìn rẹ̀, tí Ààfáà fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín kó tó mú ẹgba. Ìyá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ẹ̀gbẹ́ mú.

Ọjọ́bọ̀, 6

Èmi nìkan dá ka iwájú ìwé náà. Yéè. Orí keje. Ọ̀daràn yìí sọ ọ́ — pé ọdún kejì lòun fi yunifásítì sílẹ̀, pé àyálò ni gáùn tóun wọ̀ nínú fọ́tò pálọ̀ Ìyá. Ó tún dárúkọ ẹni tó bá a yá a lọ́wọ́ télọ̀ kan ní Under G, àdúgbò ẹ̀bá yunifásítì. Èmi ni. Ọdún kọkànlá rèé tí Ìyá ti ń fi fọ́tò yẹn han àlejò. Tí wọ́n bá gbọ́, ojú wo ni màá fi wò wọ́n?

Màá fò ó. Ọwọ́ mi kúkú ni ìwé wà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Mo fò ó. Mo hun tèmi: Eyínfúnjowó ṣèdánwò, Eyínfúnjowó yege, Eyínfúnjowó gbàwé ẹ̀rí. Ó dùn ju tirẹ̀ lọ. Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ìyá Bushrah, tí o bá ń kàwé, o máa ń dúró kí o tó pè é. Lónìí o ò dúró rárá. Padà sẹ́yìn.”

Mo padà. Mo kà á tán, títí kan ibi tí orúkọ mi wà. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Ìyá ò jẹun. Ojú ń tì mí. Mo sunkún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Fọ́tò ò sí lára ògiri mọ́. Mo bá Ìyá lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń nu gíláàsì fọ́tò náà. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ò wojú mi. Wọ́n béèrè ẹni tó yan gáùn. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní apá rẹ̀ gùn jù, pé láti ọdún mọ́kànlá wá làwọn ti rí i, àwọn rò pé yunifásítì ni ò mọ aṣọ rán.

Wọ́n ní kí n gbé e kọ́ padà, kí n wá mú ìwé. Ó ku orí mẹ́fà, wọ́n sì ní àwọn á máa fetí sí i bóyá mò ń dúró kí n tó pè é.