Màmá, Ahọ́n Ta Ni Fọlákẹ́ Jogún?

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹnu mi ti lé ọmọ mi kúrò nílé. Oṣù kẹta rèé tí Fọlákẹ́ ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Aduwawa, tèmi sì ni ẹ̀bi náà pátápátá. N kò lè kí yín kí n tó sọ ọ́, torí tí mo bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ìkíni, ọkàn mi á tún yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, n óò wá máa ròyìn òjò àti ọjà fún yín.

Ó yá, ẹ kú ilé o, Màmá. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí Bọ̀dá Àgbà àti ìyàwó wọn, mo kí Àǹtí Mọ́ni àti àwọn ọmọ. Bàbá Fọlákẹ́ ní kí n bá òun dọ̀bálẹ̀ fún yín. Mo ní kó wá dọ̀bálẹ̀ fúnra rẹ̀. Òjò kò tíì dá níbí, aṣọ ọjọ́ mẹ́ta kò gbẹ, ẹrẹ̀ ló kún ẹnu ọ̀nà wa ní Ekenwan Road. Àwọn abọ́ táńganran tí mo ń tà ní Ekiosa ń lọ díẹ̀díẹ̀, a dúpẹ́. Ọdún kejìlélógún mi rèé nílùú Benin, síbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé ó máa ń ṣe mí bíi pé n óò gbọ́ ohùn yín lẹ́yìnkùlé. Nísinsìnyí tí Fọlákẹ́ kò sí, ilé tún wá pa rọ́rọ́.

N óò fún akọ̀wé ìpàdé àwọn ọmọ ìlú wa ní Benin níbí ní ẹ̀dà lẹ́tà yìí, kó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn wọn. Ojú wọn ni mo ti pe ọmọ mi ní òpùrọ́. Ojú wọn náà ló yẹ kí n ti sọ pé èmi ni mo ṣàṣìṣe.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Láti ìgbà tí Fọlákẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ báńkì tó ń jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ló ti ń sanra. N kò kọ́kọ́ kà á sí, àfi ìgbà tí nọ́ọ̀sì kan wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ní ó ti ń ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyá Osaro, aládùúgbò wa tó jẹ́ ọmọ Edo, ní omi ewúro lásán láràárọ̀ ni yóò fà á sílẹ̀. N kò bi í pé ta ló sọ fún un. Ìbẹ̀rù kì í jẹ́ kí n bi nǹkan. Mo ní kí Fọlákẹ́ máa gbo ewúro, kó má bu omi sí i, kó má fi iyọ̀ sí i, kó mu ife kan gbáko kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Màmá, kò janpata. Ó ń gbo ó fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń mu ún ni kò yé mi. Èmi tó jẹ́ pé tí ẹ̀kán rẹ̀ kan bá kan ahọ́n mi, omi á ti lé ròrò sójú mi. Fọlákẹ́ á gbé ife sẹ́nu bíi pé tíì ni, á nu ẹnu, á gbé báàgì. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, aṣọ rẹ̀ kò dẹ̀. Mo bi í bóyá ó ń bu omi là á. Ó ní rárá. Mo fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbà á gbọ́.

Ìgbà tí ìpàdé kàn wá, ilé wa ni wọ́n ti ṣe é. Ọkùnrin aláwàdà kan nínú wọn wo Fọlákẹ́, ó ní owó báńkì mà ti ń hàn lára o, ó ní bóyá inú ara rẹ̀ ni wọ́n ń kó o pamọ́ sí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, kí n sì tó mọ̀, mo ti ní kì í ṣe pé n kò gbìyànjú, pé ọmọ náà ló ń purọ́ fún mi, pé kò sí ẹni tí obìnrin bí tó lè mu ògidì omi ewúro láìfajú ro, àfi tó bá ti bomi là á. Fọlákẹ́ gbé àwo mínírà dání. Ó rọra gbé e kalẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé Pijin ló fi ń dá mi lóhùn láti kékeré, Yorùbá ló sọ lọ́jọ́ náà. Ó ní òun kò bu omi sí i rí, àní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kejì ó kó ẹrù rẹ̀.

Oṣù tó kọjá ni Dàyọ̀, àbíkẹ́yìn mi tó ń kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ní yunifásítì, mú àwọn bébà funfun pélébé kan wá sílé. Olùkọ́ wọn ti fi nǹkan kan pa wọ́n lára. Ó ní kí kálukú wa fi tirẹ̀ sórí ahọ́n. Màmá, mo fi í síbẹ̀, ó korò bí òróòro! Mo fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá Fọlákẹ́ tu tirẹ̀ jáde lójú fèrèsé, ó bi Dàyọ̀ bóyá ogún òun ló ń kánjú sí. Ìyá Osaro tó wá yá odó ń jẹ tirẹ̀ lẹ́nu pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń wò wá. Ó ní bébà lásán nìyí, ó bèèrè bóyá eré oníṣe ni tọkọtaya ń kọ́.

Bébà kan náà, pálọ̀ kan náà; ẹnìkan gbọ́ ìkorò, ẹnìkan kò gbọ́ nǹkan kan, kò sì sí òpùrọ́ nínú wa. Mo wọ yàrá, mo yọ ahọ́n síta, mo ń wò ó nínú dígí. Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mo fi rò pé bí nǹkan ṣe rí lẹ́nu tèmi ló rí lẹ́nu gbogbo ayé!

Dàyọ̀ ní ohun àbímọ́ni ni, pé ó dà bí jínótáìpù tí ìjọ máa ń béèrè kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀. Bí AS méjì tí ara wọn le ṣe lè bí SS, bẹ́ẹ̀ ni èmi àti bàbá rẹ̀ tí a ń gbọ́ ìkorò lè gbé ahọ́n tí kì í gbọ́ ọ pamọ́ sára, kí a fi bí ọmọ. Ó ní ìkorò ewúro àti ti bébà kì í ṣe ọ̀kan náà gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹnu yàtọ̀ síra lórí méjèèjì. Mo bi í nípa ọ̀rọ̀ sísanra. Ó ní àwọn kan tí ahọ́n wọn rí bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ́ òróró àti ṣúgà ju àwa lọ, pé bí ara bá sì ti tóbi, ahọ́n fúnra rẹ̀ lè máa kú díẹ̀díẹ̀ sí adùn, tí onítọ̀hún á máa wá púpọ̀ sí i. Ó ní àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí, kí n má sì sọ ọ́ di òfin, torí Ìyá Osaro tí kò gbọ́ ìkorò náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Aduwawa. Mo fi ọwọ́ ara mi gbo ewúro náà níbẹ̀. Fọlákẹ́ gbà á, ó mu ún, mo sì ń wo ojú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lé mi lọ́wọ́. Kò ṣẹ́jú. Mo fún un ní bébà. Ó ní bébà ni. Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo bí, Màmá. Ó fà mí dìde, ó ní kí n má fi ìyà jẹ òun, pé òun ti dárí jì mí. Òun àti dókítà ti jọ ń rí sí ọ̀rọ̀ ìfúnpá náà, ó sì ń rìn lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ó bi mí pé ta ló tún rí bí òun nínú ẹbí wa.

Mo sọ fún un pé bàbá wa ni. Mo ní wọ́n sanra bákan náà, pé wọn kì í jẹ́ kí ẹ fọ ewúro ọbẹ̀ tiwọn. Fọlákẹ́ ní ṣé mo rántí ni, àbí mo fẹ́ fi tu òun nínú. Mo ní n óò béèrè lọ́wọ́ yín. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí Bàbá lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ahọ́n Bàbá tó ti wà nínú ilẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá ló wà lẹ́nu ọmọ mi yìí, tó ń sọ Pijin ní Benin.

Mo fi bébà kan sínú lẹ́tà yìí fún yín. Dàyọ̀ ní bí Bàbá kò bá gbọ́ ìkorò, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín ni mo ti rí tèmi, ẹ óò sì tu ú nù.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ̀yìn yín á dára, ẹsẹ̀ tó ń dùn yín á fúyẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi kò wúwo lójú Fọlákẹ́ mọ́, tiyín ni yóò gbà. Ẹ jọ̀ọ́, kí Bọ̀dá bá yín kọ bí ahọ́n Bàbá ṣe rí kíákíá, kí ẹ fi rán dẹ́rẹ́bà Ìkàrẹ́ tó ń já èrò ní Aduwawa. Orúkọ Fọlákẹ́ ni kí ẹ kọ sí i lára, kì í ṣe tèmi. Bí Bàbá kò bá sì rí bí mo ṣe wí, òótọ́ náà ni kí ẹ kọ sí i.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́