Etí Mi Kò Tíì Gbà

Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kejì, 2025

Orogún mi wọlé lónìí. Sítẹríò ni mo ń pè bẹ́ẹ̀. Mánsúrù tó ń ta ẹ̀rọ orin ní Dùgbẹ̀ ló gbé e wá fúnra rẹ̀, sípíkà méjì tó ga tó ọmọ iléèwé, páálí lórí páálí, bí ẹrù ìyàwó. Baálé dúró tì í títí wọ́n fi tò ó tán. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì ní ọ́fíìsì wọn ní Onírèké, mi ò tíì rí i kó ṣe gìrì sí nǹkan kan báyìí.

Sípíkà kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, àga Baálé láàárín gangan. Àga tèmi wà níbi tó máa ń wà — igun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kíṣìnnì, lápá òsì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tàn án, kọ́tìnì mì. Ìrẹ̀mídé ọmọ wa tó wá kí wa ń pàtẹ́wọ́. Baálé ní ó dùn. Mánsúrù ní ó dùn. Gbogbo wọn wá ń wo ojú mi. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí etí mi sinmi ná.

Kò dùn mọ́ mi. Gbù, gbù, gbù, bí ẹni ń gún iyán ní ilé kejì.

Àìkú, 2 Oṣù Kejì

A dé láti ìsìn ní Agbowó. Mo fi fíláàṣì orin ìkórè ìjọ wa sí i. Nínú orin kẹta, ibì kan wà tí gbogbo akọrin ti ń dákẹ́, tí èmi nìkan ń gbé álítò, ohùn ìsàlẹ̀ tí àwa obìnrin ń kọ. Mo mọ ibẹ̀ bí mo ṣe mọ ojú abẹ́rẹ́. Lórí Orogún, mi ò gbọ́ ara mi. Dùùrù àti béèsì tó ń dún gbù-gbù ti gbé mi mì.

Mo sọ fún Baálé láti orí àga mi pé álítò kò sí níbẹ̀. Kò dáhùn. Kò tilẹ̀ yíjú. Ẹni tó ra nǹkan kì í fẹ́ gbọ́ àbùkù rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Orogún nìkan — ó pẹ́ díẹ̀ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Ọ̀rọ̀ mi kò tó o dá lóhùn mọ́. Ó dùn mí.

(Nínú ìwé yìí nìkan ni Baálé ti ń jẹ́ "ó". Lójú rẹ̀, "ẹ" ni.)

Sùtánà funfun ni mo ń rán jẹun. Bí oníbàárà bá ní abíyá aṣọ ń fún òun, mi ò jẹ́ sọ fún un pé dígí ní ó bá a mu. Dígí kọ́ ló wọ aṣọ. Orogún lè dára lójú gbogbo Bódìjà. Títí etí tèmi yóò fi gbà, ẹnu mi kò ní sọ pé ó dùn.

Ajé, 3 Oṣù Kejì

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò dùn.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kejì

Mo pe Mánsúrù. Ó dé, ó bọ́ fìlà, ó ní kí ló ṣe ọmọ òun, ìyẹn Orogún. Mo ṣàlàyé. Ó dín béèsì kù, orin náà wá ṣàn bí ẹ̀kọ tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀. Baálé láti orí àga rẹ̀ ní kó dá a padà síbi tó wà.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Kí Mánsúrù tó lọ, Baálé fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í bóyá sípíkà òsì ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Mánsúrù gbé etí lé e, ó pààrọ̀ wáyà, ó ní àwọn méjèèjì pé. Baálé ní ó dáa. Ó padà jókòó.

Inú mi dùn díẹ̀. Òun náà ní ẹjọ́ lára Orogún! Ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ fún mi. Ó yá, ká máa wò ó.

Ẹtì, 7 Oṣù Kejì

Mo pè é láti kíṣìnnì kó wá jẹun títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ó jókòó síbẹ̀, orin ń lọ lọ́wọ́, ó ń wo sípíkà. Mo fi ìdérí bo oúnjẹ, mo lọ sídìí máṣíìnì mi.

Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kejì

Mo fa sípíkà kúrò lára ògiri. Mo dá wọn padà. Mo ki ìrọ̀rí sẹ́yìn wọn. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì, mo tún tẹ́ ẹ. Ẹ̀yìn ń dùn mí báyìí. Baálé ní èmi nìkan ni mo ń rí ẹ̀bi rẹ̀, kí n jẹ́ kí ilé sinmi.

Ilé kò ní sinmi.

Ajé, 10 Oṣù Kejì

Dùgbẹ̀. Mo mú fíláàṣì mi dání. Irú Orogún gan-an wà ní ṣọ́ọ̀bù Mánsúrù. Ó fún mi ní àga rọ́bà, ó ní kí n jókòó sáàárín, kí n kọjú sí i. Orin kẹta.

Mo wà níbẹ̀! Gbogbo mi. Àní èémí tí mo fà kí n tó wọlé, mo gbọ́ ọ. Omi bọ́ lójú mi níwájú àwọn oníbàárà ẹlòmíràn, mi ò sì bìkítà.

Mo wá gbé àga náà lọ sí igun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn páálí. Gbù, gbù, gbù. Mo padà sáàárín — ohùn mi. Mánsúrù rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, béèsì fẹ́ràn igun. Ibẹ̀ ló máa ń kó ẹrù rẹ̀ sí. Níbo lẹ ń jókòó sí nílé?"

Àga kan ṣoṣo ni mo ń rò títí mo fi sọ̀ ní Bódìjà.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kejì

Baálé lọ sí oko rẹ̀ ní Mọ́níyà. Mo jókòó sórí àga rẹ̀.

Kí n kọ ọ́ dáadáa. Láti ìgbà tí a ti kọ́lé yìí, ẹnikẹ́ni kò jókòó síbẹ̀ rí yàtọ̀ sí i. Wòlíì wá, orí àga gígùn la fi í sí. Àwọn ọmọ kéékèèké, bí bọ́ọ̀lù wọn bá yí sábẹ́ rẹ̀, igi ni wọ́n fi ń yọ ọ́. Tìmùtìmù rẹ̀ ti jìn sínú bí ó ṣe ń jókòó. Mo bá ara mi nínú kòtò ẹlòmíràn.

Orin kẹta. Álítò mi ṣe kedere ju ti ṣọ́ọ̀bù Mánsúrù lọ.

Inú bí mi. Ohun tó ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí nìyí, ó wá ń wò mí bí aláìmoore. Bó bá di Àìkú, yóò jókòó sórí tèmi. Kó tọ́ iyán ilé kejì wò.

Ẹtì, 14 Oṣù Kejì

Mi ò tíì yí ọkàn padà.

Àìkú, 16 Oṣù Kejì

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi jókòó sórí àga mi, orin kan péré. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ní kó ṣí fìlà níwájú àwọn àna. Ó dìde ṣá. Èmi náà jókòó sórí tirẹ̀. Orin kẹta.

Ojú rẹ̀ le. Ó ní àṣé bó ṣe ń dún níbí nìyí, gbù-gbù lásán, kò dára rárá. Mo jàre! Mo rọra kùn sí ara mi, orin ń lọ lọ́wọ́, mi ò tilẹ̀ kọjú sí i: "Alágídí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́."

Ó ní, "Mo gbọ́ alágídí yẹn."

Mo yíjú. Òun náà ń wò mí, ẹnu yà á. Ọkùnrin tí kì í gbọ́ ìpè oúnjẹ. Mo wo ibi tí mo wà — apá ọ̀tún rẹ̀. Ọdún wo ni mo ti jókòó sápá ọ̀tún rẹ̀ gbẹ̀yìn nínú pálọ̀ yìí?

Mo dìde bí ẹni ń lọ kíṣìnnì. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, lápá òsì. Mo pa orin. Mo fi ohùn kan náà pè é: "Bàbá Ìrẹ̀mídé." Ó ń wo sípíkà. Mo tún pè é. Ó ń wo sípíkà.

Mo yí wá síwájú rẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò purọ́ fún mi. Ó ní, "Etí òsì ti dákẹ́ láti ìgbà òjò tó kọjá. Mo ní bóyá ohùn ńlá ló máa jí i. Ìdí tí mo fi ra sípíkà méjì nìyẹn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ti òsì máa bá mi sọ̀rọ̀."

Mo bi í pé kí ló dé tó ń sọ fún gbogbo ayé pé ó dùn. Ó ní kí ni kí òun sọ lójú ọmọ. Ó ní baba tí wọ́n ń pè tí kò gbọ́, wọn á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pariwo mọ́ ọn.

Gbogbo oúnjẹ tí mo fi ìbínú bò. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún bí mi sí i — lábẹ́ òrùlé kan náà! Mo ní lọ́la la ń lọ rí dókítà elétí. Ó ní òun á rò ó. Mo ní lọ́la ni.

Ajé, 17 Oṣù Kejì

A lọ. Dókítà wo inú etí, ó ní a ti pẹ́ ká tó wá, ó fún un lóògùn, ó ní ká padà wá fún àyẹ̀wò mìíràn. Kò ṣèlérí. A máa padà lọ. Èmi ni mo máa mú un lọ, bó kọ̀ bó gbà.

Nígbà tí a délé, Baálé fúnra rẹ̀ ló di apá àga rẹ̀ mú. Ó ní kí n di ìkejì mú. Ojú ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ṣì hàn lára kápẹ́ẹ̀tì. A sún un díẹ̀ sápá òsì, a wá fa tèmi kúrò ní igun, a gbé e sí ọ̀tún rẹ̀, apá kan apá.

Orin kẹta. Kí álítò tó wọlé, mo rọra pe orúkọ tí mo ń pè é nígbà tó ń fẹ́ mi sọ́nà: "Àkànó."

"Hùn?"

Mo ní kò sí nǹkan kan. Ohùn mi wọlé. Mo gbọ́ èémí tí mo fà. Ó fọwọ́ lé apá àga mi, kò sì gbé e kúrò títí orin náà fi tán.

Ìrẹ̀mídé pè lórí fóònù. Ó bi mí bóyá mo ṣì ń bá ẹ̀rọ jà. Mo ní rárá, ó dùn. Ó ní kí ni Mánsúrù wá tún ṣe sí i. Mo ní Mánsúrù kò ṣe nǹkan kan, àga Dádì rẹ la gbé kúrò lójú kan.

Ó wá ní, "Mọ́mì. Àga Dádì?"