Ẹ̀yìn Àpótí Ẹja Ló Wà Lọ́dọ̀ Tèmi

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí ilé tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ, kí ó tù yín lára, kí ẹ má fi ẹsẹ̀ kọ nínú rẹ̀, kí ìbànújẹ́ má mọ ojúlé yín. Ara wa le níbí. Ìyá rẹ náà kí ọ, ì bá jókòó tì mí kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí mo máa kọ, ṣùgbọ́n ó ti lọ síta láti ra ọṣẹ, ara rẹ̀ sì ti balẹ̀ nísinsìnyí, kì í ṣe bí ó ti wà lóṣù tó kọjá nígbà tó fi èmi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹja. Má rẹ́rìn-ín. Fara balẹ̀ kà á, kí o lè bá mi dá ẹjọ́ náà, nítorí gbogbo àwọn tó wà níbí ti ní mò ń jowú.

O mọ̀ pé ilé kan náà ni bàbá wa fi sílẹ̀ fún èmi àti bàbá rẹ kékeré, ògiri kan ṣoṣo ló sì pín wa níyà. Pálọ̀ tiẹ̀ wà lápá ọ̀hún, yàrá tí mo kó irinṣẹ́ mi sí láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ káfíńtà sílẹ̀ wà lápá ìhín, ibẹ̀ náà ni mo ti máa ń sùn lọ́sàn-án. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, bàbá rẹ kékeré wọlé tọ̀ mí wá, ó kí mi lẹ́ẹ̀mejì. Bí àbúrò mi bá ti kí mi lẹ́ẹ̀mejì, mo ti mọ̀ pé nǹkan ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀. Ó ní ọmọ òun tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà lókè òkun fẹ́ fi ẹja sínú ògiri fún òun, kí ojú òun lè máa rí nǹkan wò, níwọ̀n ìgbà tí òun ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ akọ̀wé. Mo ní ẹja inú ògiri báwo, ṣé yíyan ni àbí gbígbẹ? Ó ní ààyè ni. Ó ní wọ́n máa lu ògiri, wọ́n máa ki àpótí gíláàsì ńlá bọ̀ ọ́, ojú rẹ̀ á wà ní pálọ̀ òun, ẹ̀yìn rẹ̀ á wà ní yàrá mi, kí n jọ̀ọ́, kí n má bínú. Ọmọ mi, ṣé o gbọ́? Ojú fún un, ìdí fún mi.

Mo gbà, nítorí àgbà kì í sọ pé òun ò gbà kí àbúrò òun ṣe fújà. Ọkùnrin tó ń ṣe àpótí náà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Olómi, mú fọ́ọ̀mù wá kí n buwọ́ lù ú. Fọ́ọ̀mù yẹn ń béèrè ohun tí kò kàn án. Ó ní kí n kọ ipò mi nínú ilé, mo kọ “ẹ̀gbọ́n”, mo fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó lè yé wọn. Ó béèrè bóyá mo ní íméèlì, mo kọ ọ́ pé rárá, kò ṣe mí rí, ikọ́ nìkan ló máa ń dà mí láàmú bí òtútù bá mú. Ọ̀gá Olómi kà á, ó kọjú sí fèrèsé fún ìgbà díẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé àánú mi ló ṣe é.

Ọjọ́ méjìlá ni wọ́n fi lu ògiri tí wọ́n sì tún etí rẹ̀ ṣe. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kan ohun tí àpótí máa jókòó lé, mo ní igi líle tí mo ti tọ́jú pẹ́. Ọ̀gá Olómi ní bàbá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n irin ni àwọn máa ń lò, pé omi náà máa wúwo ju mọ́tò kan lọ. Irin! Èmi tí mo fi ogójì ọdún kan àga, kan bẹ́ẹ̀dì, tí ọ̀kan kò wó lábẹ́ ẹnikẹ́ni rí, àní lábẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ pàápàá. Nígbà tí wọ́n lọ jẹun, mo gbé lẹ́fẹ̀ẹ̀lì mi, tí a fi ń mọ̀ bóyá nǹkan tẹ́jú, lé orí irin náà, kí n lè rí ibi tó ti wọ́. Afẹ́fẹ́ róbótó inú rẹ̀ rìn títí, ó lọ dúró sí àárín gan-an. Mo yí i sí apá kejì, ó tún dúró sí àárín. Inú mi bàjẹ́ jọjọ. Ọkùnrin méje ló gbé gíláàsì náà wọlé, wọn ò tiẹ̀ fi ha ara ògiri.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí da iyọ̀ sínú omi, àpò lórí àpò. Mo ní ẹ̀yin èèyàn yìí, ta ló ń fi iyọ̀ sí ẹja kí ó tó kú? Ọ̀gá Olómi ní ẹja inú òkun ni, bí omi wọn kò bá níyọ̀ wọn á kú. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan tó fi ń wo iyọ̀ náà. Mo ti ìka bọ omi, mo tọ́ ọ wò, mo ní ó kù díẹ̀. Kò gbà. Ó tún wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi díẹ̀ sí i. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi o.

Wọ́n ní omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dàgbà, kí kòkòrò àìfojúrí tó ń fọ̀ ọ́ mọ́ lè pọ̀ nínú rẹ̀, kí ẹja tó wọ̀ ọ́. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko, bàbá rẹ kékeré wọ aṣọ tó dáa, ó jókòó sí pálọ̀, ó ń wo omi àti òkúta. Àlejò á wá, á béèrè pé ẹja dà, á ní omi ò tíì dàgbà. Mi ò ní parọ́ fún ọ, ọmọ mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn dùn mọ́ mi. Oúnjẹ ń wọlé fún mi, mò ń sùn dáadáa.

Ìgbà tí ẹja dé ni wàhálà dé. Inú náílọ́ọ̀nù ni wọ́n kó wọn wá, wọ́n sì kọ́kọ́ gbé náílọ́ọ̀nù náà lé orí omi kí ara wọn lè mọ́ ọn, bí ẹni ń mú ìyàwó mọ ilé. Mọ́kànlá ni wọ́n. Ọ̀kan yẹ́lò bí ọsàn tó pọ́n, ọ̀kan búlúù bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kékeré kan sì wà tó pupa rẹ́súrẹ́sú, tó ní ọ̀já funfun lára, inú nǹkan òkun kan tó dà bí òdòdó ló ń gbé, òdòdó yẹn ń ta ẹja yòókù bí oyin, kì í ta òun. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń mú omi wọn tutù bí oòrùn bá mú. Fáànù tèmi, apá kan ṣoṣo ló kù ú kù. Ọmọ bàbá rẹ kékeré ló ń tan iná wọn láti inú fóònù rẹ̀ lọ́hùn-ún, iná náà á máa mọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ojúmọ́. Bí ó bá ti tàn báyìí, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù tó wà lẹ́yìn àpótí, mo máa ń kí ọmọ náà gba inú rẹ̀ pé o jí bí, ṣé dáadáa lo wà níbẹ̀? Kò dáhùn rí. Wọ́n ló kàwé.

Gbogbo àdúgbò ń wọ́ lọ sí pálọ̀ yẹn. Ìyá rẹ gbé àwo ẹ̀wà tó ń ṣà, ó bá wọn lọ, kò padà títí di ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Mo bi í léèrè ohun tí ẹja ní tí mi ò ní. Ó ní wọn kì í ṣàròyé.

Èmi kò lè bá wọn lọ, nítorí lọ́jọ́ tí ẹja dé ni mo ti fi ìbínú sọ pé mi ò ní lọ wò ó ní pálọ̀ rẹ̀ láéláé. Ohun tó wà lọ́dọ̀ tèmi ni páìpù, ẹ̀rọ tó ń kùn gbùrù-gbùrù, àti ilẹ̀kùn pélébé kan lókè tí bàbá rẹ kékeré ń gbà fún wọn lóúnjẹ láràárọ̀. Ẹ̀yìn gíláàsì náà, wọ́n ti lẹ náílọ́ọ̀nù dúdú mọ́ ọn látòkè délẹ̀. Ni mo bá fi èékánná ṣí igun rẹ̀ díẹ̀, bí owó ẹyọ kan. Mo rí ìrù kan tó kọjá. Lọ́jọ́ kejì mo ṣí i tó àtẹ́lẹwọ́. Lọ́jọ́ kẹta ó ti gba gbogbo ojú mi.

Ọjọ́ kẹta yẹn ni alága ẹgbẹ́ àwọn akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì wá kí bàbá rẹ kékeré pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Mo fi imú lẹ gíláàsì, mò ń wá èyí tó búlúù yẹn, àṣé omi àti gíláàsì máa ń sọ ojú èèyàn di ńlá. Ìyàwó alága ń gbé tíì sẹ́nu, ó rí ojú kan tó tó ọpọ́n, tó ní irùngbọ̀n, tó ń yọ bọ̀ láàárín òkúta. Ariwo tí ó pa, mo gbọ́ ọ láti ọ̀dọ̀ mi, èmi náà sì pariwo. Wọ́n ní tíì náà dà sí alága lára láti àyà dé orúnkún.

Bàbá rẹ kékeré yí wá bá mi. Ó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń jowú, kò sì sí ẹni tí kò rí i mọ́, àlejò mi pàápàá rí i nínú omi. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo ní bí mo bá ń jowú ńkọ́? Nígbà tí a wà ní kékeré, ìwọ ni wọ́n rán lọ síléèwé, èmi ni wọ́n fún ní ayùn, mi ò sunkún. O jókòó sí ọ́fíìsì, mo jókòó sínú ìyẹ̀fun igi. Ẹja wá dé sínú ilé bàbá wa lónìí, ìdí wọn náà lo tún gbé kalẹ̀ fún mi. Ó la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á, bí àwọn ẹja rẹ̀, ó sì jáde.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la ò fi bára wa sọ̀rọ̀. Nítorí pé ọ̀dọ̀ mi ni ilẹ̀kùn oúnjẹ wà, kò lè wọlé wá bọ́ wọn. Lọ́jọ́ kìíní mo ní kí ebi pa wọ́n, kí olówó wọn wá bẹ̀ mí. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn kó jọ síbi tí mo ṣí, wọ́n dojú kọ mí, wọn ò lọ síbì kankan. Mo gbìyànjú láti sùn, mi ò lè sùn. Ta ló lè sùn nígbà tí ẹja mọ́kànlá ń wò ó? Mo mú agolo oúnjẹ wọn tí àbúrò mi fi sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù, mo fún wọn ní ìwọ̀n tí ìka mẹ́ta lè mú, bí mo ti ń rí i tí ó ń ṣe. Ní ọjọ́ karùn-ún, bí mo bá ti wọlé, wọ́n á sáré wá. Èyí tó búlúù tẹ̀lé ọwọ́ mi lọ tẹ̀lé e bọ̀.

Ìyá rẹ ló wá ròyìn fún mi pé àlejò kì í rí nǹkan kan mọ́ ní pálọ̀ ọ̀hún ju ìrù lọ. Bàbá rẹ kékeré ń fi òrùka kan gíláàsì, ẹja kò yíjú. Mo ní áà, ó mà ṣe o. Ìyá rẹ gbé àwo ẹ̀wà rẹ̀ padà sí yàrá mi lọ́jọ́ kẹfà. Mo sún ìfági mi kúrò lórí àpótí ìjókòó kí ó lè jókòó.

Lọ́jọ́ kẹwàá, àbúrò mi kan ilẹ̀kùn. Ó gbé àga rẹ̀ dání, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù, ó kí mi lẹ́ẹ̀kan péré. Ó jókòó. Ó wá ní ọjọ́ tí wọ́n mú òun lọ síléèwé, òun sunkún débẹ̀ ni, nítorí pé òun rí mi lábẹ́ igi pẹ̀lú ayùn tuntun, òun sì rò pé èmi ni bàbá wa fẹ́ràn jù. Ó ní láti ọjọ́ yẹn ni òun ti ń jowú mi. Ọmọ mi, ó lé lọ́gọ́ta ọdún! Mo gbé agolo oúnjẹ fún un, mo ní kí ó bọ́ wọn. A jọ ṣí ìyókù náílọ́ọ̀nù dúdú náà lọ́jọ́ yẹn, ó sì dùn mọ́ mi nínú.

Ṣùgbọ́n ó ti ń wá lójoojúmọ́ báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ ọ́. Ọmọ rẹ̀ ti fi owó oúnjẹ míràn ránṣẹ́ sí i, edé kéékèèké tó gan pa bíi yìnyín, inú fíríìjì ló ń tọ́jú ẹ̀ sí, àpò aṣọ ló sì ń fi pa mọ́ wá sọ́dọ̀ mi. Àwọn ẹja ti ń fì sọ́dọ̀ rẹ̀. Lánàá, èyí tó búlúù, èyí tí mo gbọ́kàn lé jù, kọjá níwájú mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Nítorí náà, jọ̀ọ́, bí o bá ti gbowó, rọra yọ díẹ̀ níbẹ̀, kí o bá mi ra oúnjẹ ẹja tó dùn ju tiẹ̀ lọ níbi tí wọ́n ti ń tà á ní ìlú ńlá. Béèrè lọ́wọ́ wọn dáadáa pé èwo ni ẹja ń jẹ tí ò fi ní lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn mọ́. Kí o ya bébà ara rẹ̀ dànù kí bàbá rẹ kékeré má bàa mọ orúkọ rẹ̀.

Ọlọ́run á bùkún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Àwọn ọmọ rẹ á fẹ́ràn ara wọn, wàá sì máa ra nǹkan fún wọn dọ́gba-dọ́gba, ohun tí o bá ra fún èyí ẹ̀gbọ́n ni kí o ra fún àbúrò, ojú fún ojú, ìdí fún ìdí. Tètè fi oúnjẹ náà ránṣẹ́, ẹ̀rín tí àbúrò mi ń rín láàárọ̀ yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Èmi ni bàbá rẹ.