Àdìrẹ Tí Ẹ̀yìn Rẹ̀ Funfun

Mummy mi,

Ẹ kú iṣẹ́ aró. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ẹ ní, "Àsúmáù, Nàìjíríà ti wọ ẹgbẹ́ tí gbogbo Áfíríkà á ti máa kó ọjà wọ̀lú ara wọn láìsan owó ibodè. Àdìrẹ ẹ̀rọ á pa wá!"

Ẹ má fòyà jàre. Ṣebí ẹ̀yìn àdìrẹ ẹ̀rọ máa ń funfun, tí aró tiwa sì máa ń wọ aṣọ dé ẹ̀yìn? Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé kí n yí aṣọ dà kí n tó bèèrè iye ẹ̀. Ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, mi ò tíì rí ẹni tó yí i dà, àmọ́ wọ́n á kọ́ ọ.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo gbà láti máa ta aṣọ yín wà níbẹ̀ dáadáa. Mo máa ń rí i látinú bọ́ọ̀sì tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun kùn ún.

Aṣọ yín náà wà. Mo ta díẹ̀ sójú fèrèsé, mo sì ń fi ìyókù bora nítorí òtútù. Ẹ má tíì fi òmíràn ránṣẹ́ o, yàrá mi kéré.

Bọ́ọ̀sì ti dé. Ẹ bá mi kí Bàrákàt àbúrò mi. Ṣé ó ṣì ní òun á filé ìwé sílẹ̀ wá kọ́ṣẹ́ aró? Ẹ sọ fún un pé mo ní rárá o. Ẹ ní mo kí i gan-an.

Àsúmáù yín