Ohùn Rẹ Tí Mo Gbé Lé Orí Òòfà

Àrẹ̀mú ọmọ mi,

Ọkàn mi ò balẹ̀. Ohùn rẹ ti kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì tí o fi ránṣẹ́, èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi lé e lọ. Mo ní kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ kí n tó kí ọ.

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Agége? Ṣé ọ̀fun kò dùn ọ́ láti Jímọ̀? Ṣé bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ṣì ń gbé yín lọ sí Ìlúpéjú? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o wà nínú àwọn tí wọ́n ń dá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Dáadáa la wà, àfi ẹsẹ̀ bàbá rẹ.

Ìwọ lo kọ̀wé pé ìyẹ̀fun irin lẹ ń kùn sára ọ̀rá kásẹ́ẹ̀tì níbi iṣẹ́ yín, pé ó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ, síbẹ̀ òòfà wà nínú rẹ̀, òun ló ń di ohùn mú. Mo kàwé dé fọ́ọ̀mù fáìfù, ó yé mi. Mo wá rò ó pé irin tó fẹ́lẹ́ báyẹn, agbára wo ló ní, ohùn rẹ sì wúwo. Mo bá gba òòfà ńlá ìdí sípíkà lọ́wọ́ Làsísì tó ń tún rédíò ṣe, mo gbé kásẹ́ẹ̀tì lé e, mo fi gèlè wé wọn pọ̀ kí ó lè dì ọ́ mú dáadáa. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wà nínú àpótí. Ìgbà tí mo dá a padà lẹ́yìn Jímọ̀ ni Làsísì tó sọ fún mi pé òòfà ńlá a máa pa ohùn rẹ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo ti gbọ́, níbi tí o ti ní àwọn òbí Màríàm tí o fẹ́ fẹ́ ti fèsì, kí n pe àwọn àgbà jọ ká jọ gbọ́ ọ. Mo pa á níbẹ̀, torí kò yẹ kí n ṣáájú ìdílé gbọ́. Jímọ̀ tí wọ́n pé lẹ́yìn ìrun, ṣìììì la gbọ́. Bàbá Àkànjí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ní òjò ló ń rọ̀ l'Ékòó, ká ní sùúrù kó dá. A ní sùúrù títí ó fi tán, a yí i sí ojú kejì, òjò náà ni. Àwọn àgbà ní ó ti yé àwọn, pé àwọn òbí Màríàm kọ̀ ọ́, ojú ló ń tì ọ́ láti sọ ọ́. Bàbá rẹ ní òun ò bẹ ẹnikẹ́ni, òun á lọ tọrọ Oyinadé ọmọ Oyèdìran fún ọ. N kò tíì lè sọ ọ̀rọ̀ òòfà fún un.

Jọ̀ọ́, fi bíró kọ ohun tí àwọn òbí Màríàm sọ, àti ọjọ́ tí wọ́n dá. Bá mi fi bátìrì mẹ́rin sí i, inú òjò yẹn ni tilé kú sí. Ọlọ́run á jẹ́ kí o fi ọwọ́ ara rẹ gbé ìyàwó wálé fún mi.

Èmi ìyá rẹ, Sàídátù. Tètè kọ̀wé, bàbá rẹ ti ra obì.