Àṣá Lórí Ọjà Òfìfo

Túsìdeè, 7 Ọ́kítóbà 2025
Àṣá fò lórí ọjà oko lónìí! Dírónù wa ni mo sọ ní Àṣá. Kọ̀ǹpútà kékeré wà níkùn ẹ̀. Àgbẹ̀ á ya fọ́tò ewé ẹ̀gẹ́ tó ń ṣàìsàn, fóònù á jù ú sókè, Àṣá á rò ó, á dáhùn — láìsí nẹ́tíwọọ̀kì. Tèmi ni kí n kọ́ ọ ní ọjọ́ tí ọjà oko ń kún, kó má fi bátìrì ṣòfò. Mashood ló ń ṣaájì ẹ̀.

Sọ́ńdè, 12
Ìfò kejì. Bátìrì kú lókè, Àṣá já lulẹ̀. Mashood tó lọ gbé e wá sọ pé ọjà dá páropáro. Mi ò ráyè ìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni Adébóyè, ọ̀gá wa — Mo-Gbọ́n-Tán — ti ní Mashood ni ò ṣaájì ẹ̀. Kò wádìí, kò béèrè. Ẹni tá a lè mú là ń lèdí mọ́.

Mọ́ńdè, 13
Mo ko Mo-Gbọ́n-Tán lójú. Mo ní, sà, ojú mi ni bátìrì yẹn ṣe kún. Ó ní kí n gbájú mọ́ kọ̀ǹpútà mi. Baba ìkókó ni Mashood — ọ̀sẹ̀ tó kọjá la sọmọ lórúkọ — òun ni wọ́n fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìwà ìkà gbáà.

Jímọ̀, 17
Wọ́n ti fún Mashood ní lẹ́tà pé wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Sátidé, 18
Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, lọ́dọ̀ Ìyá àgbà. Mo bú Mo-Gbọ́n-Tán títí ẹnu fi ro mí. Mo ní ó di Wẹ́sìdeè tí ọjà bá tún pé kí Àṣá tó fò. Ìyá ní, "Wẹ́sìdeè kẹ̀? Ọ̀la lọjà yẹn." Ogún ọdún ló fi ra gààrí níbẹ̀. Ẹnu ẹ̀ náà ni mo ti gbọ́ pé ọrọọrún ni wọ́n ń ná an. Ó fìka kà á fún mi: ọjọ́ ọjà fúnra ẹ̀ lọ̀kan. Túsìdeè ọ̀kan, Sátidé ìkarùn-ún.

Èmi ò ka Túsìdeè mọ́ ọn. Mo bọ́ sí Sọ́ńdè, ọjọ́ kejì ọjà. Ọwọ́ mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà Àṣá. Àṣá lọ lọ́jọ́ tí mo rán an, ó ń wá èèyàn tí mo ṣèlérí fún un kiri títí bátìrì fi tán. Ojú tì mí. Inú ṣì ń bí mi, ara mi ni mò ń bínú sí.

Sọ́ńdè, 19
Mo kọ̀wé sí Mo-Gbọ́n-Tán láàárọ̀: ẹ̀bi mi ni. Mo pe Mashood, mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀. Ó ní òun ti fọwọ́ sí ìwé fún wọn pé òun gbàgbé láti ṣaájì ẹ̀. "Wọ́n bi mí títí, Àǹtí Bushrah, ó wá ń ṣe mí bíi pé mo gbàgbé lóòótọ́. Ẹ má bínú."